Wọ́n gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún mi, wọn ò fún mi níwèé: kí ni ìwé ọ̀hún tiẹ̀ wà fún?

Ìyá Ẹniọlá, Àkóbọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Lọ́dún tó kọjá la gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sínú ọgbà wa n'Íbàdàn níbí. Àwọn onírìgì ní 60 mítà làwọn gbẹ́, 60 mítà náà la sanwó fún. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí a bá ti tan sumo tó ń fa omi sókè, omi á ya dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ ló kù. Kànga aládùúgbò wa tó wà lódìkejì títì kì í gbẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń ra omi báyìí. Ọ̀gá kan tó wá yẹ tiwa wò ní kí n mú ìwé ìgbẹ́kànga wá kí òun tó lè sọ ohunkóhun. Ìwé wo? Rìsíìtì nìkan ni wọ́n fún wa. Bàbá Ẹniọlá ní ọgbọ́n àtigbowó ni, pé ká kàn lọ gbẹ́ òmíràn sẹ́bàá ògiri tó kọjú sí ti aládùúgbò. Ṣé lóòótọ́ ni ìwé yẹn ń ṣe nǹkan kan, àbí ariwo àwọn tó kàwé ni?

*

Akọ̀wé Rìgì

Ẹ má tíì gbẹ́ òmíràn o.

Ìwé tó ń bèèrè ni èyí tí ẹni tó dúró ti rìgì ń kọ bí irin ṣe ń wọlẹ̀. Mítà mélòó ni ilẹ̀ pupa parí sí, ibo ni amọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibo ni irin ti kan òkúta tó le, ibo lomi ti kọ́kọ́ yọ, ibo ló ti pọ̀ sí i. Kéésìn, ìyẹn páìpù tí wọ́n fi ń bo ẹ̀gbẹ́ ihò, mélòó ló wọlé, èwo nínú wọn ló ní ojú tí omi lè gbà wọlé, èwo ló dí. Omi dúró sí ibo lẹ́yìn tí wọ́n fọ kànga tán, lítà mélòó ló sì ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ojú ewé kan péré ni. Kò sẹ́ni tó lè wọ inú ihò oní-ínṣì 6 lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí rìgì ń ṣiṣẹ́ nìkan ni èérún ilẹ̀ ń tú jáde tí ojú wa ń rí i. Tí ẹnikẹ́ni ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kéésìn bò ó, ó tán nìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ihò oní-ínṣì 6 ń gba nǹkan bíi lítà 18 sínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ká ní omi dúró sí mítà 20 nínú ihò tó jìn tó mítà 60, omi mítà 40 ló sùn síbẹ̀ mọ́jú, ìyẹn bíi lítà 720. Sumo tó ń fa lítà 65 ní ìṣẹ́jú kan á gbé e tán ní bíi ìṣẹ́jú 11. Omi tó kóra jọ mọ́jú lẹ ń fà, èyí tó ń wọlé tuntun kéré gan-an. Ẹni tó bá rí ìwé náà á mọ̀ bóyá ilẹ̀ yín ni kò lómi, àbí omi wà tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọn. Owó tí ẹ máa ná lórí èkíní yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ máa ná lórí èkejì.

*

Rọ́ọ̀dù Mẹ́ta

Ẹ̀yin akọ̀wé lẹ máa ń sọ iṣẹ́ yìí di ohun tó le. Mo ti pẹ́ nídìí rìgì. Etí mi ni ìwé mi. Tí hámà tó ń fọ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ bá ń dún gan-gan-gan, òkúta tútù ni, èyí tí kò tíì jẹrà. Tí irin bá ṣàdéédé já wọlẹ̀, a ti kan ibi tó là. Tí eruku bá dáwọ́ dúró tó wá di ẹrẹ̀, omi ti dé nìyẹn. Ìwé ò mú omi jáde rí.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ òótọ́. N'Íbàdàn yìí mo ti gbẹ́ méjì sínú ọgbà kan náà, ọ̀kan lómi, èkejì gbẹ fúrúfúrú. Tí ihò méjì inú ọgbà kan ò bá jọra, ká tiẹ̀ ní aládùúgbò ìyá yìí ní ìwé kànga tirẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún un?

*

Akọ̀wé Rìgì

Ọ̀gá Rọ́ọ̀dù, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bèèrè lẹ bèèrè yẹn, ìdajì rẹ̀ sì ni òótọ́.

Ìbàdàn, Òṣogbo, Iléṣà, Adó-Èkìtì títí dé apá òkè Abẹ́òkúta, àpáta àtijọ́ ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Àpáta tí kò lẹ́là kò láyè fún omi. Ibi méjì lomi ń gbé níbẹ̀: nínú àpáta tó ti jẹrà lókè, tó ti di ilẹ̀ oníyanrìn tí àwọ̀ òkúta ṣì wà lára rẹ̀, àti nínú ẹ̀là tó la àpáta tútù nísàlẹ̀. Ẹ ò lè fi ẹ̀là aládùúgbò mọ tiyín. Ó lè gba abẹ́ yàrá rẹ̀ kọjá kó má yà sọ́dọ̀ yín rárá. Níbi ìyẹn ẹ jàre, ìdí sì nìyẹn tí ihò méjì inú ọgbà kan fi lè yàtọ̀.

Ìpele tó jẹrà yàtọ̀ síyẹn. Ó tẹ́ lọ salalu, ó nípọn níbìkan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ìwé kànga mẹ́rin, márùn-ún lójú òpó kan sì máa ń fi bó ṣe lọ hàn. Ká sọ pé ilé mẹ́ta wà lójú títì kan. Àkọ́kọ́ kan àpáta ní mítà 9, ìkejì ní mítà 24, ìkẹta ní mítà 11. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ìyẹn náà ti tó. Kò tó, torí ilẹ̀ àwọn ilé náà ò ga bákan náà. Ká ní ojú ilẹ̀ ilé àkọ́kọ́ fi mítà 212 ga ju òkun lọ, ìkejì 209, ìkẹta 205. Ẹ yọ ìjìn kúrò nínú gíga. Orí àpáta wà ní 203 lábẹ́ àkọ́kọ́, 185 lábẹ́ ìkejì, 194 lábẹ́ ìkẹta. Kòtò kan wà lábẹ́ ilé kejì tí kò hàn lójú ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni omi òjò tó ń jò wọlẹ̀ á ti máa kóra jọ. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ láàárín ilé kejì àti ìkẹta ti mọ apá ibi tó yẹ kó sún mọ́.

Gíga tí fóònù ń sọ ò ṣeé gbára lé fún irú èyí. Ẹ wá bíríkìlà tó ní rọ́bà omi tí wọ́n fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, láàárín ilé bíi mẹ́ta ó tó ó jù.

Ní ti etí yín, ọ̀gá, mi ò ní kó má gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sí lójú òpó yẹn nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbẹ́ tiẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

*

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú ìyà o. Lọ́dọ̀ tiwa yanrìn ni. Ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o gbẹ́, 30 mítà, 40 mítà, omi dé. A ò nílò ìwé kankan, a ò nílò sọ́fè tí wọ́n fi ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò.

*

Akọ̀wé Rìgì

Ẹ̀yin gan-an ni ìwé wúlò fún jù, torí pé lọ́dọ̀ yín ilẹ̀ tò léra bí ẹní tí a tẹ́ sórí ara wọn. Ohun tí kànga kan bá fi hàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ tún bá a nínú èkejì tó jìnnà sí i, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀. Láti ìlà-oòrùn Gánà, gba Tógò àti Benin kọjá, dé Èkó àti ìsàlẹ̀ Ògùn, ìpele yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun ni, gbogbo rẹ̀ sì ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sápá òkun. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wú jáde ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, irú rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ lápá gúúsù, ó kàn ti jìn gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ni.

Ní 1987, àwọn kan tó to àkọsílẹ̀ àwọn kànga Èkó pọ̀ rí i pé ìpele omi mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá kò ju bíi mítà 12 lọ láti ojú ilẹ̀, òun ni kànga ọlọ́wọ́ ń mu nínú rẹ̀, òun náà ni ìdọ̀tí ń kọ́kọ́ dé. Ìkejì wà láàárín bíi mítà 20 sí 100, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kànga dẹ̀rọ inú ilé ń dúró. Ìkẹta tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Ìkẹrin jìn tó nǹkan bíi mítà 450, amọ̀ líle tó nípọn ló sì là á kúrò lára ìkẹta, kànga tó débẹ̀ ò pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú rí ìpele mẹ́rin yẹn. Inú ìwé àwọn onírìgì ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò wá tán síbi pé omi wà. Irú omi wo ni? Lẹ́kìí, Victoria Island àti Àpápá mọ ohun tí omi iyọ̀ ń jẹ́. Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí aládùúgbò ti kan omi iyọ̀ ní ìjìn kan, tí kò béèrè ìjìn ọ̀hún, owó ara rẹ̀ ló dà sínú òkun. Bákan náà ni omi oníirin. Á mọ́ gaara nígbà tó bá jáde, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti pupa nínú táǹkì. Ó máa ń yàtọ̀ láti ìpele sí ìpele, torí náà kọ ìjìn tí o gbé ojú páìpù sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹra fún un tàbí kó tọ̀ ọ́.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú. Ẹni tó bá dá amọ̀ tó wà láàárín omi iyọ̀ àti omi dídùn lu, tí kò sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ kéésìn padà, ó ti la ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ sínú ti gbogbo àdúgbò. Tí kò bá sí ìwé tó ní mítà báyìí ni amọ̀ wà, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa dí?

*

Adé Ìjẹ̀bú

Gbogbo gírámà yìí! Bàbá kan wà lápá ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́dọ̀ wa, igi ẹlẹ́ka méjì ló ń mú rìn. Ibi tí igi bá ti tẹrí ba ni kí ẹ gbẹ́. Kò tàsé rí.

Akọ̀wé Rìgì

Lápá ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣé èèyàn tiẹ̀ lè tàsé? Yanrìn ni, omi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá náà níbikíbi tó bá dúró sí. Ẹ bá mi mú un lọ sí Ìgbẹ́tì, kó wá yan ibi mẹ́wàá láàárín àwọn àpáta yẹn, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó lómi àtèyí tó gbẹ. Èyí tó gbẹ gan-an ni mo ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ nípa ihò tó gbẹ. Àwọn onírìgì náà kì í kọ ọ́, wọ́n á dí i, wọ́n á kó irin wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ihò gbígbẹ tó fi hàn pé àpáta wà ní mítà 4 tí kò sì sí ẹ̀là títí dé mítà 80, ìròyìn ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

*

Bọ̀dé Houston

Ní Texas níbí, onírìgì fúnra rẹ̀ ló ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kí a tó ra ilé wa mo ti ka ti kànga àwọn ará àdúgbò. Wọ́n ní ìdí. Àwọn èèyàn fa omi abẹ́ ilẹ̀ Houston àti Galveston débi pé ilẹ̀ ń rì, àwọn ibì kan létí omi sì di ibi tí omi ń bò. Ní 1975 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀, Harris-Galveston Subsidence District, tó ń ṣòfin iye omi tí èèyàn lè fà.

Ará Peckham

England àti Wales náà ń kó o jọ. Tí kànga omi bá máa jìn ju mítà 15 lọ, òfin ní kí o jẹ́ kí British Geological Survey, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ níbẹ̀, gbọ́, kí o sì ní ìwé tó sọ irú ilẹ̀ tí o gbà kọjá àti ibi tí omi ti yọ. Wọ́n ti ya àwòrán ìwé ihò tó lé ní mílíọ̀nù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn, ìwé ọwọ́ ayé Fikitóríà ni. Nígbà kan, inú kànga ni omi tó ń tú sókè ní gbàgede Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ fa omi abẹ́ Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi lọ sí ohun tó lé ní 80 mítà nísàlẹ̀ ojú òkun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kó kúrò nílùú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, ẹ̀rù sì ba àwọn tó ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Kànga tí wọ́n ti ń wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó ń bọ̀.

Rọ́ọ̀dù Mẹ́ta

Òyìnbó ni wọ́n, ìjọba wọn ń ṣiṣẹ́. Tí èmi bá gbé ìwé mi síta, onírìgì tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà á kà á, á lọ bá oníbàárà mi, á ní òun á gbẹ́ ẹ ní owó kékeré torí òun ti mọ ibi tómi wà. Ìmọ̀ mi ni mo ń jẹ.

Akọ̀wé Rìgì

Ohun tí àwọn onírìgì California náà sọ nìyẹn, ìjọba sì fetí sí wọn pẹ́. Gbogbo ìwé kànga California wà lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n títí di 2015 ará ìlú ò lè kà á. Ọ̀dá tó mú wọn nígbà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n yí òfin náà padà. Ó ju ọgọ́ta ọdún tí wọ́n fi tì í mọ́lẹ̀, kò sì dí ìdíje lọ́wọ́. Àwọn tó ń wá bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá omi àdúgbò wọn ń lọ sílẹ̀ ló dí lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ wa òfin omi ti 1993 wà, ìlànà ìgbẹ́kànga ti 2010 náà wà. Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1919. DFRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, gbẹ́ kànga káàkiri ìgbèríko. Ìwé wà nínú fáìlì o, ó wà! Ẹ sáà ní kí ará Àkóbọ̀ kan lọ bèèrè ti òpópónà tirẹ̀, kí ẹ wo iye ọ́fíìsì tí wọ́n máa jù ú sí.

*

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́lọ́jì

Ẹ fẹ́ràn ìwé yìí jù. Mo lò ó fún iṣẹ́ àṣekágbá mi nílé ẹ̀kọ́, irọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ẹ máa fi irọ́ ya máàpù ni?

Akọ̀wé Rìgì

Ìrírí yín àti tèmi bára mu. Mo ti rí ìdìpọ̀ ìwé iṣẹ́ kọngílá kan tí gbogbo kànga inú rẹ̀ jìn bákan náà, tí omi gbogbo rẹ̀ dúró sí ibì kan náà, láti abúlé dé abúlé. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó kọ ọ̀kan, ó da ìyókù kọ. Irú ìyẹn kò ṣeé tún ṣe, ẹ jù ú nù.

Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe irọ́ gangan, àìbìkítà ni, ó sì ṣeé kà tí ẹ bá mọ ibi tó máa ń ṣìnà sí. Onírìgì á kọ amọ̀ sí ohun gbogbo tó bá rọ̀. Àpáta tó jẹrà náà á di amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ amọ̀ gidi ń di omi mú tí kì í jẹ́ kó ṣàn, tí ilẹ̀ oníyanrìn tó jẹrà sì ń fi omi sílẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ tó kọ àti bí irin ṣe yára tó. Ibi tó ti gba rọ́ọ̀dù kan, ìyẹn irin gígùn tí wọ́n ń so mọ́ra fi gbẹ́lẹ̀, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í ṣe òkúta tútù, ohun yòówù kó kọ síbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹrẹ̀ gbẹ́ lápá Èkó, èérún ilẹ̀ ń pẹ́ kó tó gòkè, ó sì ń dà pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà ìjìn tí wọ́n kọ máa ń jù ú lọ díẹ̀. Ibi tí omi dúró sí, ẹ wo oṣù tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ti oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kẹta ò ṣeé fi wéra. Ìwé tí kò ní déètì, ẹ gba ìtàn òkúta inú rẹ̀ gbọ́, ẹ fi ìtàn omi rẹ̀ sílẹ̀.

Iye omi ni mo máa ń ṣọ́ra fún jù. Onírìgì á fi kọ́m̀pẹ́sọ̀ fẹ́ omi sókè, á gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 síbẹ̀, ó kún ní ìṣẹ́jú àáyá 30, á kọ lítà 3,000 ní wákàtí kan. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ṣe é fún ìdajì wákàtí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń tú omi tó ti kó pamọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ fà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ẹ máa wọn bí omi inú kànga ṣe ń lọ sílẹ̀, kí ẹ pa sumo, kí ẹ tún wọn bó ṣe ń padà. Kànga tó ń fúnni ní lítà 20 ní ìṣẹ́jú tí omi rẹ̀ sì kàn lọ sílẹ̀ ní mítà 2 lágbára ju èyí tó ń fúnni ní lítà 40 tó sì lọ sílẹ̀ ní mítà 30.

Tí ìwé ogún bá wà, tí mẹ́ta purọ́, àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù á tú wọn fó. Ìwé kan ṣoṣo lèmi ò gbọ́kàn lé.

*

Ìyá Ẹniọlá, Àkóbọ̀

Mo ti dé. Mo pe onírìgì wa, ó bínú díẹ̀, ó wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní ilẹ̀ pupa àti amọ̀ dé mítà 8, lẹ́yìn ìyẹn amọ̀ mìíràn tó rọ̀, ó ní yanrìn nínú. Omi kọ́kọ́ yọ ní mítà 14. Òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 22. Kéésìn 8 ló wọlé, oní-mítà mẹ́ta mẹ́ta, kò sí èyí tó ní ojú nínú wọn. Pọ́lọ́ńbà bá mi yọ sumo, ó so irin mọ́ okùn, ó jù ú sínú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n: 47 mítà ló jìn mọ! Omi dúró sí 16 láàárọ̀. Tí a bá fà á tán, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà dé ìdajì. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

*

Akọ̀wé Rìgì

Ìyá Ẹniọlá, ẹ ti ní ìwé báyìí, ẹ kàn fi ẹnu gbà á ni. Ẹ kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ 47 ná. Ìdí méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ rọ́ọ̀dù ni wọn ò kà dáadáa, tàbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kà á ní àkàkún. Ó tún lè jẹ́ pé èérún òkúta àti ẹrẹ̀ ló ti rọ́ sísàlẹ̀ ihò torí pé wọn ò fọ̀ ọ́ pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ́m̀pẹ́sọ̀ fọ̀ ọ́ lójú yín, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá jìn sí i, ẹrẹ̀ ni. Tí kò bá kúrò ní 47, ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún wọn.

Ohun tó jẹ mí lógún ju ìyẹn lọ ni kéésìn. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mítà 24. Omi yọ ní 14, òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 22. Ìpele tó lómi wà láàárín 14 sí 22, páìpù tó dí gbáà ni wọ́n sì fi bò ó láti òkè dé 24. Omi yín wà lẹ́yìn páìpù. Ẹ̀là tín-ínrín kan nínú àpáta tútù lẹ ń mu báyìí, òun ló fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà.

Tí ẹ bá tún máa gbẹ́, kó wà nínú ọgbà yín, kó má jẹ́ sẹ́bàá ògiri tó kọjú sí ti aládùúgbò. Kànga méjì tó bá sún mọ́ra jù á jọ máa fa omi kan náà sílẹ̀ ni. Kí ìjìn rẹ̀ má ju ibi tó bá yẹ lọ, kí wọ́n fi kéésìn olójú sí 14 dé 22, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí òkè rẹ̀.

*

Rọ́ọ̀dù Mẹ́ta

Ẹ dúró ná! A kì í ṣe wèrè tí a fi ń fi páìpù tó dí bo ibẹ̀. Ilẹ̀ rírọ̀ yẹn ń ya lulẹ̀, ó sì lè gbá hámà mú sísàlẹ̀. Sókàwé àdúgbò náà ńkọ́? Inú ìpele yẹn ló ń da omi sí. Tí ẹ bá la ojú síbẹ̀, omi sókàwé lẹ máa mu.

Akọ̀wé Rìgì

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú un wá síbí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ibi tí sókàwé wà fi yẹ kó wà nínú ìwé náà. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi jìnnà síra.

Rọ́ọ̀dù Mẹ́ta

Nínú half plot, níbo lẹ ti fẹ́ rí mítà 30?

Akọ̀wé Rìgì

A ò ní rí i. Ẹ wá wo ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn lọ. Ẹ tún ṣe ìyọkúrò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ lo ibi tí omi dúró sí nínú kànga mẹ́ta dípò orí àpáta, kí ẹ wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ kan náà kí ẹnikẹ́ni tó tan sumo. Láti ibi tó ga lomi ń lọ síbi tó rẹlẹ̀. Ẹ gbẹ́ sí apá òkè sókàwé, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì se omi tí ẹ máa mu, tàbí kí ẹ fi kúlórínì sí i. Omi inú ẹ̀là pàápàá kì í ṣe mímọ́ dandan, torí ìdọ̀tí tó bá bọ́ sínú ẹ̀là kò rí yanrìn tó máa sẹ́ ẹ.

*

Ọmọ Ìkòròdú

Kò burú, ẹ ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀. Ta ló máa sanwó fún gbogbo ìwé kíkọ yìí?

Rọ́ọ̀dù Mẹ́ta

Ìbéèrè tí mo ń retí! Oníbàárà á ná owó iṣẹ́ mi títí èrè ò fi ní kù, ẹ tún wá ní kí n gba akọ̀wé sídìí rìgì.

Akọ̀wé Rìgì

Ẹ bu owó rẹ̀ lé iṣẹ́, kí ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà kí rìgì tó wọ ọgbà. Kí oníbàárà náà di díẹ̀ mú nínú owó, kó má san án tán àfi tí ojú ewé yẹn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú déètì, pẹ̀lú ibi tí kànga wà gan-an nínú ọgbà. Àti pé kíkọ rẹ̀ ò gba akọ̀wé. Rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tó bá wọlẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ èérún kan, ẹ tò wọ́n sórí tápólì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹ kọ ìjìn sára bébà kékeré síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò. Ọmọ ilé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kéésìn, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó dúró tì í kí ẹ fúnra yín kà á bó ṣe ń wọlé, kí ẹ kọ èyí tó ní ojú àti èyí tó dí. Onírìgì tó bá ní òun ò lè dúró kí ẹ kà á, ẹ jẹ́ kó máa gbé rìgì rẹ̀ lọ.